Tal National: Bí adájọ́ kan ṣe kó ẹgbẹ́ olórin jọ ní Niamey, ìlú tí owó àwo orin kì í bọ́ olórin

Ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, níbi tí Odò Ọya ti ń ṣàn kọjá kí ó tó wọ ilẹ̀ Nàìjíríà, díẹ̀ ni olórin tí ó lè fi owó àwo orin gbọ́ bùkátà ilé rẹ̀. Àwọn tí ń pín àwo orin káàkiri orílẹ̀-èdè náà kò tó nǹkan, ẹni tí ó bá sì ní fóònù lè gba orin tuntun lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìná kọ́bọ̀.

Ìlú yìí kan náà ni ẹgbẹ́ Tal National ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ olórin tí òkìkí wọn kàn jù ní Niger, kí ó tó wá dé orí ìtàgé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ẹgbẹ́ funk àti soul ìgbà àtijọ́ tọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Adájọ́ tí ń ta gìtá

Ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ni Hamadal Issoufou Moumine, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Almeida. Gìtá ni ó ń ta, iṣẹ́ adájọ́ sì ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Àwọn akọ̀ròyìn òkèèrè fẹ́ràn láti fi èyí dá àwọn òǹkàwé lára yá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju àwàdà lọ. Láàárín àwọn Zarma àti Songhai, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí láàárín ìdílé Àyàn ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ ìdílé ni oríkì kíkì àti orin ìyìn. Jasare ni wọ́n ń pe ẹni tí a bí sí i. Kì í ṣe gbogbo òbí ni inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọ tí ó rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga bá tún gbé gìtá kọ́ èjìká lálẹ́.

Èrè mìíràn tún wà níbẹ̀. Ẹni tí ìjọba ń san owó oṣù fún lè fi sùúrù kọ́ ẹgbẹ́, nítorí kò ní láti dúró de owó orin kí ó tó jẹun. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ olórin ni ebi ti tú ká kí orin wọn tó gbó.

Ìlù tí oníjó ń kà ní ọ̀nà méjì

Songhai, Fúlàní, Haúsá àti Tuareg ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà. Ilẹ̀ Zarma ni Niamey wà, èdè Haúsá sì ni àwọn ènìyàn ń sọ jù ní Niger. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kí wọ́n máa pe òun síbi ìgbéyàwó gbogbo ẹ̀yà gbọ́dọ̀ lè kọrin ní èdè gbogbo wọn. Orúkọ àwọn àwo orin wọn pàápàá ń sọ bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ Zarma ni Kaani, ohun tí ó dùn, ọ̀rọ̀ Haúsá ni Tantabara, ẹyẹlé.

Bí a bá tẹ́tí sí orin náà, ìbátan funk ni, ṣùgbọ́n ọmọ ilé mìíràn. Nínú funk tí James Brown gbé dé Èkó ní ọdún 1970, mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ka ìlù, orí ìkíní sì ni gbogbo agbára máa ń bọ́ sí. Púpọ̀ nínú orin Tal National ń sáré lórí yípo oníméjìlá. Ẹni tí ó bá mọ bí agogo kónkóló ṣe ń lọ nínú ìlù Yorùbá yóò tètè mọ̀ ọ́n: oníjó lè pín méjìlá náà sí ọ̀nà mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́ta, ó sì lè pín in sí ọ̀nà mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́rin. Ẹsẹ̀ méjì lè wà lójú agbo kan náà tí wọn kò jọ kà bákan náà, kí ìkankan nínú wọn má sì ṣì í jó.

Gìtá kò gùn lọ títí nínú rẹ̀. Gbólóhùn kúkúrú ni ẹni kìíní ń tẹnu mọ́, ẹni kejì a sì wá àlàfo tí yóò fi tirẹ̀ sí. Láàárín wọn ni ìlù tí ń sọ̀rọ̀ wà, irú èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní kàlàngú, tí Yorùbá kò ní ṣàìmọ̀ pé àbúrò gángan ni.

Wákàtí márùn-ún, alẹ́ márùn-ún

Iṣẹ́ alẹ́ ni ó gbé ẹgbẹ́ náà ró. Wọ́n mọ̀ wọ́n sí ẹni tí ń ṣeré fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún lálẹ́ kan, nǹkan bíi alẹ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Ara ènìyàn kan kò lè gba èyí fún ọdún púpọ̀, pàápàá ara ẹni tí ń lu ìlù tí ń sáré bẹ́ẹ̀. Ohun tí Almeida ṣe ni pé ó kó ènìyàn tó bíi mẹ́tàlá jọ, tí ẹnìkan lè gbapò ẹnìkejì nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Ètò yìí ni ó mú kí ó ṣeé ṣe fún wọn láti pín ara wọn sí méjì, kí Tal National máa ṣeré ní ìlú méjì ní alẹ́ kan náà.

Àwo orin wọn ńkọ́? Bí A-Na Waya ti jáde ní ọdún 2008, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń tà á lọ́wọ́, láti òpópónà dé òpópónà. Àwo náà ń polówó òde, òde ni ó sì ń mú owó wá.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí fún Orchestre Poly-Rythmo ní Cotonou. Ọdún 1968 ni Clément Mélomé kó ẹgbẹ́ náà jọ. Wọ́n po funk àti soul pọ̀ mọ́ ìlù àwọn onívodun, títí kan ti Sakpata, tí Yorùbá ń pè ní Ṣànpọ̀nná, wọ́n sì gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún orin sílẹ̀, púpọ̀ nínú wọn fún ilé iṣẹ́ Albarika Store. Nígbà tí ọjà àwo orin wó ní àwọn ọdún 1980, ohùn ẹgbẹ́ náà rọlẹ̀. Ọdún 2009 ni wọ́n tó ṣe ìrìnàjò eré wọn àkọ́kọ́ sí Yúróòpù, lẹ́yìn tí àwọn agbáwojáde òkèèrè ti tún orin àtijọ́ wọn gbé jáde. Mélomé kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, kò jẹ adùn ìpadàbọ̀ náà pẹ́.

Nígbà tí òkèèrè kàn ìlẹ̀kùn

Jamie Carter, ọmọ Chicago tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígba orin sílẹ̀, ni ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ bá wọn ní Niamey. Ìyẹn ni ó bí Kaani, tí ilé iṣẹ́ FatCat ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 2013, ọdún tí ẹgbẹ́ náà lọ ṣeré ní Amẹ́ríkà. Zoy Zoy tẹ̀lé e ní ọdún 2015, Tantabara sì jáde ní ọdún 2018.

Ìrìnàjò òkèèrè kò rọrùn fún irú ẹgbẹ́ yìí. Owó ọkọ̀ òfurufú àti físà ènìyàn mẹ́tàlá pọ̀, nítorí náà ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń lọ, eré tí wọ́n sì ń fi wákàtí márùn-ún ṣe nílé di eré wákàtí kan. Ohun tí kò dín kù ni ilé tí wọ́n fi sílẹ̀, níbi tí ìyókù ẹgbẹ́ ti lè máa bá iṣẹ́ lọ. King Sunny Ade mọ ìtumọ̀ èyí dáadáa: nígbà tí àdéhùn òun àti Island Records parí lẹ́yìn Aura ní ọdún 1984, òde àríyá ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń dúró dè é.

Fún olórin Niger, ọ̀rọ̀ òṣèlú tún fi kún ọ̀rọ̀ owó. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, Amẹ́ríkà ni Mdou Moctar, olùta gìtá ọmọ Tuareg, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Ọ̀nà ilé dí mọ́ wọn lójú, wọ́n sì ní láti bẹ àwọn olólùfẹ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún owó tí wọn yóò fi dúró. ECOWAS ti ààlà pa, ó sì tó oṣù Kejì ọdún 2024 kí ó tó mú ìjẹníyà náà kúrò. Kódà lẹ́yìn èyí, Niger kò ṣí ààlà tirẹ̀ pẹ̀lú Benin, ìyẹn ọ̀nà Gaya sí Malanville tí ọkọ̀ ń gbà láti Niamey lọ sí Cotonou.