Oúnjẹ Tí A Ń Jẹ Ṣáájú Ààwẹ̀

Ọkàn ni ó ń gba ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ara ni ó ń rù ú. Kí wòlíì Èlíjà tó rin ìrìn 40 ọ̀sán àti 40 òru lọ sí Hórébù, ẹ̀ẹ̀mejì ni áńgẹ́lì jí i láti jẹun (1 Àwọn Ọba 19). Nítorí náà, ìmúrasílẹ̀ kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa jẹ ẹ̀bà tàbí ìrẹsì ní àjẹkì lálẹ́ tí ààwẹ̀ ku ọ̀la, a ó sì fi ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lé e, pẹ̀lú èrò pé bí oúnjẹ bá ti pọ̀ tó ni ebi yóò ti pẹ́ tó kí ó tó dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irú oúnjẹ tí a jẹ ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n rẹ̀.

Búrẹ́dì funfun, ògì tí a bu ṣúgà sí àti ohun mímu aládùn a máa tètè dà nínú. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ a sì gòkè kíákíá. Ara a tú èròjà tí a ń pè ní ínsúlìn jáde láti kó ṣúgà náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ara ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí ṣúgà yìí bá ti já wálẹ̀ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ebi a tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ kì í tètè dà bẹ́ẹ̀. Bí a bá jẹ wọ́n pọ̀ mọ́ òkèlè, díẹ̀díẹ̀ ni ṣúgà yóò máa wọ inú ẹ̀jẹ̀, a ó sì pẹ́ kí ebi tó pa wá. Ẹni tí yóò jẹ àmàlà, kí ó dín òkèlè kù, kí ó fi gbẹ̀gìrì, ẹ̀fọ́ àti ẹja kún un. Mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú ẹ̀kọ díẹ̀ sàn ju búrẹ́dì funfun àti tíì aládùn lọ. Kí a mu omi dáadáa, kí a sì ṣọ́ra fún iyọ̀ púpọ̀, nítorí òùngbẹ ni ó ń fà.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ dáradára nìkan kò tó fún ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ. Ínsúlìn tí a ń gún lábẹ́rẹ́ àti àwọn oògùn oníhóró kan yóò máa fa ṣúgà wálẹ̀, yálà a jẹun tàbí a kò jẹun. Nítorí náà, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí dókítà rẹ̀ kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má sì dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Bí òógùn bá ń bò ó, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí àyẹ̀wò fi hàn pé ṣúgà rẹ̀ kò tó 70 mg/dL, kí ó mu omi tí a po ṣúgà sí lójú ẹsẹ̀, kí ó sì ṣínu. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kéde èyí kí ààwẹ̀ ìjọ tó bẹ̀rẹ̀, kí ìtìjú má baà mú ẹnikẹ́ni fi àìsàn rẹ̀ pamọ́. Ẹni tí kò lè fi ebi gbààwẹ̀ ṣì lè bá wa gbàdúrà.