Eré Orí Ìtàgé Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn ní Agbègbè Ìbàdàn: Ipa Àgbẹ̀ Nínú Ìdàgbàsókè Eré

Nígbàkúùgbà tí a bá ń pa ìtàn eré orí ìtàgé Yorùbá, orúkọ àwọn ọ̀gá eléré ni a sábà máa ń kà: Hubert Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládípọ̀, Oyin Adéjọbí, Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Baba Sàlá. Ó tọ́, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n eré kan kì í wáyé láìsí òǹwòran. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn òǹwòran ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò, pàápàá jù lọ àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò tí ń gbé ní abúlé àti ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká, ní ilẹ̀ tí a pín lónìí sí ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Èrò mi ni pé àgbẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ó kàn sanwó wòran. Òun ni ó ń pinnu àsìkò eré, òun náà ni ó sì ń bá eléré tún eré ṣe. Nítorí náà, nígbà tí eré kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ohun tí ó sọnù ju fàájì lọ.

Àsìkò Eré

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní ìgbà òjò, àgbẹ̀ ń gbìn, ó ń ro oko. Owó kò sí lọ́wọ́, ẹrẹ̀ sì ti ba ọ̀nà oko jẹ́. Bí eléré tilẹ̀ rí ọ̀nà dé, ariwo òjò lórí páànù yóò bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oṣù Ọ̀wàrà bá ti dé, ìkórè kòkó ti bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. A ó já kòkó, a ó pa á, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mélòó kan, a ó sá a, a ó sì tà á. Nígbà tí ọyẹ́ bá fi ń fẹ́ nínú oṣù Ọ̀pẹ àti oṣù Ṣẹ́rẹ́, owó ti dé ọwọ́ àgbẹ̀, ọ̀nà sì ti gbẹ. Kì í ṣe pé àwọn ẹgbẹ́ eléré kì í ṣeré ní ìgbà òjò. Ìlú ńlá bí Ìbàdàn àti Èkó ń gbà wọ́n nígbà gbogbo. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀nà abúlé ń là fún wọn.

Kí a má ṣe rò pé kòkó ni ó dá àṣà yìí sílẹ̀. Ní ọdún 1826, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí kòkó tó dé ilẹ̀ wa rárá, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó, wo eré àwọn alágọ̀ ní ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀kan nínú wọn di ejò ńlá, òmíràn sì sín òyìnbó jẹ níṣojú òun gan-an. Àwọn eléré bẹ́ẹ̀ ni a mọ̀ sí Alárìnjó, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n J. A. Adédèjì ṣe ìwádìí ìtàn wọn fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1969. Ẹ kíyè sí i pé àlejò tí ó jókòó níwájú eléré ni eléré fi ṣe eré. Ìwà yìí ni àwọn ẹgbẹ́ eléré ti òde òní jogún.

Bí Eré ṣe ń Wọ Ìlú

Ní ọdún 1944 ni Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó lábẹ́ ìjọ Aládùúrà. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà ni ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ tí ó sì sọ eré di iṣẹ́ òòjọ́. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 síwájú, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lé ní 100 ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìyàwó àti ọmọ ọ̀gá eléré sábà máa ń wà nínú wọn, nítorí iṣẹ́ ìdílé ni bí ó ti jẹ́ iṣẹ́ ọnà.

Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ṣeré ní ìlú tí ó tó Mọ́níyà tàbí Lálúpọn, ọkọ̀ wọn á ti kọ́kọ́ yí ìlú ká pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọ́n á gba gbọ̀ngàn ìlú tàbí yàrá ìkàwé ilé-ìwé. Jẹnẹrétọ̀ ni yóò tan iná. Eré kì í bẹ̀rẹ̀ lójijì: orin àti ijó ni a fi ń ṣí i, gẹ́gẹ́ bí Alárìnjó ti ń fi ìjúbà ṣí tirẹ̀. Àwọn ará abúlé tí kò jìnnà á rìn wá ní alẹ́, wọ́n á tún rìn padà. Tẹlifíṣọ̀n, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, kò pa irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ lára. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó sọ Baba Sàlá di ẹni tí ọ̀pọ̀ ti mọ̀ kí ọkọ̀ rẹ̀ tó wọ ìlú wọn.

Òǹwòran Tí Ń Tún Eré Ṣe

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Púpọ̀ jù lọ nínú eré wọ̀nyí kò sí nínú ìwé. Ọ̀gá á ṣàlàyé ìtàn fún àwọn òṣèré rẹ̀, á pín ipa fún wọn, oníkálùkù á sì máa wá ọ̀rọ̀ fún ipa tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín lálẹ́ òní yóò gùn sí i lọ́la. Èyí tí wọ́n gbọ́ tí wọ́n dákẹ́ yóò kúrò. Àgbẹ̀ tí ó bá mọ òwe ju òṣèré lọ á parí rẹ̀ láti orí ìjókòó, òṣèré á sì gbà á lò ní ìlú tí ó kàn. Àwọn òǹwòran tún ń retí pé kí eré kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Bí ìkà bá lọ láìjìyà, wọn kò ní gbà. Nítorí náà, eré tí ó bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò ní oṣù Bélú kì í ṣe eré kan náà tí ó padà sílé ní oṣù Ẹrẹ́nà.

Àwọn aláṣẹ náà mọ agbára yìí. Ní ọdún 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé nítorí eré Yorùbá Ronú. Ọdún 1966, nígbà tí ìjọba ológun dé, ni a tó mú òfin náà kúrò. Kò sí ìjọba tí yóò bẹ̀rù eré tí ó bá jẹ́ pé àwọn tí ń wò ó kò lè sọ nǹkan kan sí i.

Ohun Tí Ó Lé Eré Lọ

Àwọn kan ń sọ pé ará oko ni kò fẹ́ eré mọ́. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1976, nígbà tí fíìmù Àjàní Ògún jáde, àwọn ọ̀gá eléré bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí sinimá. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ẹ̀rọ sinimá kan àti ènìyàn díẹ̀ lè gbé eré dé ibi tí ogún òṣèré àti lọ́rì ń gbé e lọ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1986, iye náírà já wálẹ̀. Ọkọ̀, táyà àti jẹnẹrétọ̀, tí gbogbo wọn ń ti òkè òkun wá, di ọ̀wọ́n gógó. Ní ọdún kan náà ni a tú àjọ tí ń ra kòkó ká, iye tí àgbẹ̀ ń gbà lórí kòkó sì ga sókè. Síbẹ̀ eré kò padà. Bí ó bá jẹ́ pé òṣì àgbẹ̀ nìkan ni ó lé eré lọ, ì bá ti padà nígbà náà. Ìnáwó ìrìn-àjò ni ó dá a dúró. Ìbẹ̀rù olè lójú ọ̀nà lóru sì kún un. Lẹ́yìn náà ni fídíò dé.

Fídíò mú eré wọ yàrá àgbẹ̀, ó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n eré tí a ti ṣe tán ní ibòmíràn ni. Ẹni tí ó ń wò ó ní Àkànràn lè rẹ́rìn-ín, ó lè bínú, kò lè yí gbólóhùn kan padà nínú rẹ̀. Àkànràn kan náà ni a mọ̀ nínú ìtàn Àgbẹ́kọ̀yà ọdún 1968 sí 1969. Àwọn ènìyàn tí wọ́n mọ bí a ti ń dá aláṣẹ lóhùn ni a sọ di òǹwòran tí a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ohun Tí A Lè Ṣe

Ilé-ẹ̀kọ́ Eré Oníṣe ti Yunifásítì Ìbàdàn gba Kọ́lá Ògúnmọ́lá wọlé nígbà kan rí, láti ibẹ̀ ni Ọmùtí, tí ó ti inú ìwé Amos Tutùọlá wá, fi jáde. Yunifásítì gba eré ìgboro sínú ọgbà rẹ̀, ó sì jèrè rẹ̀. Ó yẹ kí a san gbèsè náà. Mọ́níyà kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ọgbà wa. Mo dábàá pé ní ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé eré kan lọ sí ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí: Mọ́níyà, Ìyànà-Ọ̀fà, Ẹ̀gbẹ́dá àti Àkànràn. Ọ̀sán ni kí wọ́n ṣe é, nítorí ààbò. Kí wọ́n má ṣe kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tán kí wọ́n tó lọ. Lẹ́yìn eré, kí wọ́n jókòó gbọ́ ohun tí àwọn àgbẹ̀ bá wí, kí wọ́n sì fi tún eré náà ṣe kí wọ́n tó dé ìlú kejì. Ìnáwó rẹ̀ kò ju ti ọkọ̀ kan àti oúnjẹ lọ. Ohun tí a ó rí gbà níbẹ̀ kò sí nínú ilé-ìkàwé wa.