Orúkọ Tí Ó Ń Sọ Iṣẹ́: Ẹ̀rọ Ìmómigbóná ní Lekki àti Ajah

Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, jáde. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dá lé. Ní ti àwọn ohun èlò ilé tí ń lo iná mànàmáná, ohun tí etí oníṣẹ́ ọwọ́ bá gbọ́ ni ẹnu rẹ̀ ń pè títí di òní. Ẹ̀rọ ìmómigbóná fi hàn pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Ilẹ̀ yanrìn tí ó wà láàrin Òkun Àtìláńtíìkì àti ọ̀sà ni Lekki àti Ajah wà. Kànga ẹlẹ́rọ ni ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ti ń fa omi. Níbì kan, irin pọ̀ nínú omi náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń pọ́n. Níbòmíràn, iyọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ a máa mú kí àgbá onírin dípẹtà, a sì máa fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ àtúnṣe kì í wọ́n níbẹ̀.

Àwọn Yorùbá ní ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti ẹ̀yà ẹ̀rọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́rin ni ó gba àkíyèsí.

(i) Irin amúgbóná. "Ẹ́límẹ́ǹtì" ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè é, ṣùgbọ́n orúkọ yìí kan náà ni olùkọ́ kẹ́mísírì ń pe wúrà àti ọ́síjìn. Bí ó bá jẹ́ ti 1500 wáàtì lórí iná 230 fóòtì, mítà yóò ka nǹkan bí 35 óòmù. Bí mítà bá fi hàn pé ó ti já, pípààrọ̀ ló kù.

(ii) Aṣọ́oru àti ajáná. Aṣọ́oru ń pa iná, ó sì ń tàn án, kí ooru omi má ba à kọjá ìwọ̀n. Ajáná kò ṣiṣẹ́ àfi bí aṣọ́oru bá kùnà. Ẹni tí ó bá ń pe méjèèjì ní "tẹmọ́sítáàtì" lè so wáyà fo ajáná, kí omi sì máa hó láìsí olùdádúró.

(iii) Ọ̀pá afarajìn. Magnẹ́síọ̀mù ni; òun ni ó ń jẹrà dípò irin àgbá. Orúkọ náà ti sọ pé yóò tán, pé ó sì gbọdọ̀ ní arọ́pò.

(iv) Fáàfù ààbò. Bí 50 lítà omi bá gbóná láti ìwọ̀n 25 dé 65 ti Sẹ́síọ́ọ̀sì, yóò fẹ̀ sí i tó bí lítà kan. Omi tí kò rí ibi padà sí a máa kán jáde láti ibẹ̀. Ẹni tí ó bá pè é ní "ibi tí ó ń jò" yóò wá ohun tí yóò fi dí i. Àgbá tí a bá dí fáàfù ààbò rẹ̀ lè bẹ́.

Ó tọ́ kí atúmọ̀ èdè fi ìkìlọ̀ ṣáájú gbogbo àlàyé: kí a pa iná láti orísun, kí a fi mítà rí i dájú pé iná ti lọ, kí omi tutù, kí wáyà ilẹ̀ má sì ṣe kúrò ní àyè rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣẹ́ ní Ajah ni ó yẹ kí a ti dán àwọn orúkọ wọ̀nyí wò. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gbọ́ "ajáná" tí ó sì lè sọ ìdí tí kò fi yẹ kí a fò ó, èdè-ìperí náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.