Gíláàsì Ọkọ̀ Tó Kọ̀ Tí Kò Gòkè

 Nígbà Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975, ọwọ́ la fi ń yí gíláàsì ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tòkunbọ̀ tí a fi ń kó ọjà ní Àgídìngbì lónìí, iná bátìrì ló ń gbé tirẹ̀. Bó bá kọ̀ nínú gosílóò ọ̀nà Agége, tí òjò ṣú, tí owó ọjà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ọ̀ràn dé nìyẹn. Wọ́n á ní kí ẹ ra ẹ̀rọ tuntun, ẹ ó sì wá yáwó lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ fíúùsì lásán ló jó.

Kí ẹ tó pe rìwáyà, ẹ tan ọkọ̀, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì gbogbo ilẹ̀kùn. Bí gbogbo wọn bá kú pọ̀, ẹ wo fíúùsì. Bó bá jẹ́ ti dírẹ́bà nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ẹ wo bọ́tìnnì tí a fi ń ti àwọn yòókù; ọmọdé lè ti tẹ̀ ẹ́. Fíúùsì tó jó, èyí tí nọ́ńbà wọn bá jọ ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fi wáyà dí i o! Ọkọ̀ lè gbiná.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn kan, ẹ tẹ́tí. Bí ẹ̀rọ bá ń kùn tí gíláàsì kò mira, irin tàbí okùn tí ń gbé e ló já. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣì dára. Bó bá gbọ́ ti dírẹ́bà tí kò gbọ́ ti bọ́tìnnì ara rẹ̀, bọ́tìnnì yẹn ló bàjẹ́.

Èyí tó ń tan àwọn rìwáyà pàápàá ni wáyà tó gba inú rọ́bà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀. Ṣíṣí títì ojoojúmọ́ a máa ṣẹ́ ẹ nínú, kò sì ní hàn síta. Bí gíláàsì bá ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tó kú nígbà tí ẹ tì í, ibẹ̀ ni kí wọ́n tú.

Bó bá di dandan kí ẹ ra ẹ̀rọ ní Ládípọ̀, ẹ mú ti àtijọ́ dání, torí ti ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì. Kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n fi wáyà méjì kàn án mọ́ bátìrì, kó yí. Kí wọ́n pààrọ̀ wáyà, kó yí padà. Bí òjò bá ká yín mọ́nà, kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì, kí ẹnì kejì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di gíláàsì mú nínú àti lóde, kó máa tì í sókè díẹ̀díẹ̀.