Iléyá Wa ní Goresbrook: Àlejò Dé, Ẹran Ò Tíì Dé

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi, àwọn kan nínú yín bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi wá sí iléèwé Yorùbá ní Sátidé, ọjọ́ 7 oṣù kẹfà, ọdún 2025. Wọ́n rò pé mo sùn gbàgbé ni. Rárá o. Ẹran Iléyá ni mò ń pín kiri. Olùkọ́ wa ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí lè mọ ohun tí à ń ṣe.

Ọdún méjì ni àwa Mùsùlùmí ń ṣe. Èyí tó gbẹ̀yìn àwẹ̀ là ń pè ní Ìtùnú Àwẹ̀. Iléyá ni èkejì, òun la fi ń rántí Ànábì Ibrahim, tí Ọlọ́run fi àgbò rọ́pò ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé "ilé yá" ló di Iléyá, torí pé ìgbà yẹn ni oníkálùkù máa ń ti ìdálẹ̀ padà sílé. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Goresbrook ni ilé wa, nínú Becontree, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé fún àwọn ará London lọ́dún 1921, tí ilé ibẹ̀ sì lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 25. Ìyá bàbá mi wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ní tiwọn. Ta ló fẹ́ wọ bàálù lọ sílé nígbà tí iléèwé ò tíì gba ìsinmi?

Ọjọ́ ọdún kì í dúró sójú kan. Òṣùpá la fi ń ka oṣù, ọdún òṣùpá sì fi bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú ju ọdún tó wà lára kàlẹ́ńdà lọ. Ìdí nìyẹn tí Iléyá fi bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ní 2024, tó wá bọ́ sí ọjọ́ 6 ní 2025. Nílùú ọba yìí, ẹnu àwọn mọ́sáláṣí pàápàá kì í kò. Ní 2025, àwọn kan kírun Yídì ní Jímọ̀, àwọn mìíràn kí i ní Sátidé.

Ti 2024 yẹn, ọjọ́ Sọ́ńdè ni, síbẹ̀ a ò gbàlejò kankan. Dádì wà níbi iṣẹ́. Màmi se ìrẹsì díẹ̀, a jẹ ẹ́, ó parí. Nígbà tí Màmá Ìjẹ̀bú pè lórí WhatsApp, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Àlejò mélòó lẹ gbà?" Màmi ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Nẹ́tíwọ̀kì dáa gan-an. Mo rí ojú Màmi nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, mi ò sì gbàgbé ẹ̀.

Torí náà, ní 2025, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Màmi fi ń pe èèyàn. Dádì gba àyè níbi iṣẹ́. Wọ́n kọ̀wé sí iléèwé wa pé mi ò ní wá ní Jímọ̀. Òfin fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ láti ṣe ọdún ẹ̀sìn rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù láti béèrè. Láàárọ̀ a wẹ̀, a wọ aṣọ tuntun, a ò sì fi nǹkan kan ẹnu, torí pé ti Iléyá, ẹ̀yìn ìrun lèèyàn ń jẹun. Barking la ti kírun. Dádì sọ fún mi lọ́nà pé Old Kent Road ni ọ̀pọ̀ Yorùbá máa ń lọ. Níbẹ̀ ni Muslim Association of Nigeria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, ti sọ ilé ọtí àtijọ́ kan di mọ́sáláṣí.

Ẹ wá gbọ́ ti ẹran o. Ní Ìjẹ̀bú, ẹ máa so àgbò mọ́lẹ̀ níwájú ilé, àwọn ọmọdé á máa fà á kiri àdúgbò, tí Lèmọ́mù bá ti pa tiwọn lẹ́yìn ìrun, oníkálùkù á pa tirẹ̀. Níbí, ẹni tó bá pa àgbò sí ẹ̀yìnkùlé rú òfin. Ilé ìpẹran tó ní ìwé àṣẹ nìkan ni wọ́n ti lè pa á. Alápatà lẹ máa sanwó fún ṣáájú, òun ló máa bá yín ṣètò ẹ̀. Tiwa ní ká wá gbà á ní agogo mẹ́rin ọjọ́ Jímọ̀. Agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló pè pé, "Ẹ máa bọ̀ lọ́la." Mi ò dá a lẹ́bi tán. Wọn ò lè pa ẹyọ kan kí wọ́n tó kírun, àgbò gbogbo èèyàn ló sì wà lọ́rùn wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n àlejò ń bọ̀ ní agogo mẹ́fà! Màmi jókòó sórí àpótí ní kíṣìnnì, wọn ò sọ̀rọ̀. Dádì ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta làyè wà láti pa ẹran ọdún." Òótọ́ ni, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa nílé kéwú nìyẹn. Màmi dáhùn pé, "Ṣé ọjọ́ mẹ́ta làwọn àlejò náà máa fi jókòó dè é ni?"

Bí èmi àti Dádì ṣe sáré lọ sí Heathway nìyẹn, a ra adìyẹ márùn-ún. Àbúrò Dádì obìnrin gbé ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ wá láti Peckham, wọ́n di í mú lórí ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin bí ẹni gbé ọmọ. (Ewùrà tí wọ́n rin ni wọ́n fi ń se ìkọ́kọrẹ́, ẹ̀yin tí kì í ṣe Ìjẹ̀bú, ẹ ń pàdánù.) Ìyá arúgbó òyìnbó tí ògiri wọn lẹ̀ mọ́ tiwa mú kéèkì wá. Wọ́n ní bàbá àwọn ṣiṣẹ́ ní Ford, tó ṣí ilé iṣẹ́ sí Dagenham ní 1931, àti pé láti kékeré làwọn ti ń gbé àdúgbò yìí, ẹnikẹ́ni ò pe àwọn wá jẹun ọdún rí. Àwọn méjì nínú kíláàsì wa tí wọ́n ń lọ sí Kérúbù náà wà níbẹ̀. Wọ́n mọ ara wọn. Àwọn ni wọ́n jẹ dòdò tán.

Sátidé ni àgbò dé, ní gígé. A pín in sọ́nà mẹ́ta: tiwa, ti ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, ti àwọn tí kò ní. Èmi ni mo ń gbé báàgì láti ojúlé dé ojúlé. Ìdílé Bangladesh tó wà lódìkejì gba tiwọn, wọ́n sì kó báàgì tiwọn náà lé mi lọ́wọ́. Ẹran jáde, ẹran wọlé. Títí mo fi parí, fíríjì wa ò pa dé mọ́.

Ní Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹta Iléyá, Ojúde Ọba ni lọ́dọ̀ wọn ní Ìjẹ̀bú, tí àwọn régbérégbé àti àwọn ẹlẹ́ṣin máa ń lọ kí Awùjalẹ̀ láàfin. Màmá Ìjẹ̀bú pè wá láàárín ìlù.

"Àlejò mélòó lẹ gbà?"

"Mọ́kàndínlógún, Mà!" Màmi fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo.

"Alhamdulillah! Ẹran àgbò náà kárí wọn?"

Màmi wò mí, wọ́n sì na fóònù sí mi. Mo ní, "Màmá, nẹ́tíwọ̀kì ò dáa o."