Kí Ẹ̀rọ Olóye Tó Wọ Ọ́fíìsì ní Àkókó

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ olóye tí a ń pè ní AI kò tilẹ̀ dúró de ìkéde, nítorí pé inú fóònù òṣìṣẹ́ ni ó ń gbà wọ ọ́fíìsì, kí ọ̀gá tó ronú àtiṣe òfin lé e lórí.

Ẹni tí ó fẹ́ mọ bí a ti í múra dè é kò ní rìn jìnnà. Ní Ìlú Bìní, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó tí ó bá Àkókó pààlà, láàrin oṣù kẹfà sí ìkeje ọdún 2024, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní girama àgbà fi ń lo Copilot ti Microsoft láti kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde, nínú ètò kan tí Báńkì Àgbáyé ṣe ìwádìí rẹ̀. Àmọ́ àwọn olùkọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n lè dúró láàrin ọmọ àti ẹ̀rọ bí onílù tí ń darí ijó. Nígbà tí ìdánwò dé, àwọn tí ó kópa ta ẹgbẹ́ wọn yọ. Lójú tèmi, olùkọ́ ni ó ni ìyìn náà.

Ìlú Ìkáràm ní Àkókó pàápàá ti rí irú rẹ̀ rí, nígbà tí ètò ìdàgbàsókè Millennium Villages yàn án pẹ̀lú Pampaida ní ìpínlẹ̀ Kàdúná: ẹrù nìkan kọ́ ni wọ́n gbé wá, wọ́n kọ́ ará ìlú ní iṣẹ́ ìlera pẹ̀lú.

Bí a bá wá ń kọ́ni lórí AI, ohun tí nọ́ọ̀sì gbọdọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé òun kò gbọdọ̀ da orúkọ àti àìsàn aláìsàn sínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nítorí òfin ààbò ìsọfúnni ọdún 2023 kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àti pé ẹ̀rọ yìí, tí kò gbọ́ ẹ̀ka èdè Àkókó dáadáa, a máa parọ́ láìfojú tini.

Ètò 3MTT, tí Mínísítà Bọ́sún Tìjání gbé kalẹ̀ ní 2023 láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ayélujára, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ ìyá akọ̀wé tí ó ti darúgbó sídìí fáìlì káńsù? Ẹ jẹ́ kí àgùnbánirọ̀ jókòó tì í, kí ó fi ẹ̀rọ hàn án, kí ìyá náà sì máa yẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà wò. Òun ni yóò rí i pé orúkọ tí ẹ̀rọ kọ sórí ilẹ̀ ẹbí kan ní Ìkàrẹ́, ti ẹbí mìíràn ní Ọ̀kà ni.