Èdè Àkíyèsí Nínú Ìdámọ̀ àti Ìpínsísọ̀rí Àpòpọ̀ Kẹ́míkà

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa èdè-ìperí kẹ́mísírì ní Yorùbá, orúkọ àwọn èròjà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ rò. Kí ni a ó pe háídírójìn? Kí ni a ó pe ásíìdì? Ní èrò tiwa, ibẹ̀ kọ́ ni ìṣòro tí ó le jù wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a fún ní ìyẹ̀fun funfun kan, tí a sì ní kí ó sọ irú àpòpọ̀ tí ó jẹ́, kò lè rí orúkọ kankan lára rẹ̀. Ohun tí ó rí ni àwọ̀, ìfófó, ohun tí ó dì, ohun tí ó yọ́. Láti ara ìwọ̀nyí ni yóò ti fa orúkọ yọ. Bí ọ̀rọ̀ tí ó fi ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ó rí bá ní ìtumọ̀ méjì, orúkọ tí ó fà yọ kò lè ní ìdí.

Lóòótọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń dáhùn ìdánwò WAEC. Ṣùgbọ́n ní ìlú bí Ìsúndúnrin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò, Yorùbá ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bi ẹnì kejì rẹ̀ léèrè pé, “Kí ni ìwọ rí?” Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 sì ran àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ lọ́wọ́ púpọ̀. Yàrá àyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ni ó ṣì ń retí tirẹ̀.

Àwọ̀ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Pupa ni epo, pupa ni ẹ̀jẹ̀, pupa ni a ń pe àárín ẹyin, pupa sì ni ènìyàn tí awọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí èyí ń ṣì lọ́nà lọ́jà. Nínú yàrá àyẹ̀wò, ọ̀ràn yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo àyẹ̀wò tí a fi ń mọ̀ bóyá májèlé sáyánáìdì wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò. Ẹ̀gẹ́ ni línámárìnì nínú. Bí a bá rín in, línámárìnì yóò tú, yóò sì yọ afẹ́fẹ́ háídírójìn sáyánáìdì. A ó fi ẹ̀gẹ́ rírín sínú ìgò, a ó fi bébà tí a ti rẹ sínú omi sódíọ̀mù píkíréètì kọ́ sókè rẹ̀, a ó sì dé ìgò náà pa. Bébà tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ìyeyè pípọ́n yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, títí yóò fi jọ irin tí ó dógùn-ún, bí sáyánáìdì bá pọ̀. Olùtumọ̀ tí ó bá gbára lé ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ nìkan yóò kọ ọ́ pé “bébà pupa di pupa.” Ní àdúgbò tí gàrí àti láfún jẹ́ oúnjẹ òòjọ́, gbólóhùn yẹn kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà ni a ṣe dábàá pé kí a dá àwọ̀ mẹ́ta yọ lára pupa: àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ epo, àti àwọ̀ ìdógùn-ún. A mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún “àwọ̀ ọsàn,” nítorí pé ọsàn tiwa a máa pọ́n tán kí èèpo rẹ̀ ṣì jọ ewé. Ní ti dúdú, àwọn aláró ti ṣe iṣẹ́ náà fún wa kí kẹ́mísírì tó dé. Bí a bá kán amóníà díẹ̀ sínú omi kọ́pà súlúféètì, ohun tí yóò kọ́kọ́ dì jẹ́ àyìnrín. Bí a bá fi amóníà kún un, yóò yọ́, omi náà yóò sì di àwọ̀ ẹtù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ “dúdú” sí méjèèjì ti sọ àmì tí a fi ń dá kọ́pà mọ̀ nù. (Àwọn ọmọ Èjìgbò tí a tọ́ ní Abidjan a máa fi orúkọ àwọ̀ lédè Faransé kún un, ìyẹn kò burú, ṣùgbọ́n kò lè wọ inú ìwé wa.)

Àwọ̀ náà ni yóò tún àṣìṣe kan ṣe tí ó ti wọ inú ọ̀pọ̀ ìtumọ̀. A máa ń túmọ̀ kán-ún sí pọ̀tásì. Ẹ bu kán-ún díẹ̀, kí ẹ sì bu eérú èèpo kókó tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ẹ kán ásíìdì sí méjèèjì: méjèèjì ni yóò yọ ìfófó, afẹ́fẹ́ wọn yóò sì sọ omi ẹfun tí ó mọ́ gaara di funfun bí wàrà. Kábọ́nétì wà nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí a bá fi wáyà tí a rẹ sínú ásíìdì mú wọn sínú iná, iná kán-ún yóò ní àwọ̀ ìyeyè, èyí tí í ṣe àmì sódíọ̀mù. Ti eérú yóò jẹ́ elésè àlùkò tí kò kì, àmì pọ̀tásíọ̀mù. Sódíọ̀mù díẹ̀ lè bo ti pọ̀tásíọ̀mù mọ́lẹ̀, nítorí náà ni a ṣe ń wo iná náà láti inú gíláàsì aláró kóbáàtì. Eérú ni ó yẹ kí ó jẹ́ orúkọ pọ̀tásì.

Ọ̀rọ̀ kejì ni gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń lò ó fún ohun líle tí ó ń yọ nígbà tí omi èròjà méjì pàdé. Kò tẹ́ wa lọ́rùn. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ògì ti wà nínú omi ògì tẹ́lẹ̀. Ó kàn sílẹ̀ ni. Ohun tí a ń sọ yìí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: omi méjì tí ó mọ́ gaara ni ó bí i, gẹ́gẹ́ bí oje bomubomu ti ń mú wàrà dì. A dábàá àdìsílẹ̀. (Èdì ìbá kúrú jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbà yóò rò pé oògùn ni a ń ṣe.) Súnkì àti alumíníọ̀mù ni ó fi ìwúlò rẹ̀ hàn: àdìsílẹ̀ funfun ni méjèèjì ń ní pẹ̀lú amóníà, ti súnkì yọ́ nínú àpọ̀jù amóníà, ti alumíníọ̀mù kò yọ́.

“Yọ́” fúnra rẹ̀ ń fẹ́ àfikún. Ṣúgà yọ́ nínú omi, òrí yọ́ lórí iná. Kí a máa kọ yọ́ sómi àti yọ́ síná. Bákan náà ni hó: omi hó, ọṣẹ hó. Kí hó wà fún iná, kí yọ ìfófó sì wà fún afẹ́fẹ́ tí ń jáde.

Ní ti orúkọ àpòpọ̀, yíyá ni a fara mọ́, bí a bá ṣọ́ ìparí ọ̀rọ̀ dáadáa. Súlúfáìdì, súlúfáìtì àti súlúféètì kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí a bá kán ásíìdì sí i, èkíní a máa rùn bí ẹyin bíbàjẹ́, èkejì a máa ta ni nímú, ẹ̀kẹta kì í yọ afẹ́fẹ́ rárá. Bẹ́ríọ̀mù kílóráìdì ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ìparí -áìdì, -áìtì, -éètì ni ìpínsísọ̀rí náà gan-an, kò sì yẹ kí ọwọ́ atẹ̀wé dà wọ́n pọ̀.

Ó ku iyọ̀. Ìsọ̀rí ńlá ni lédè kẹ́mísírì, oúnjẹ ni nílé. A dábàá iyọ̀-ásíìdì fún ìsọ̀rí náà, nítorí pé láti ara ásíìdì ni olúkúlùkù ti gba orúkọ: súlúfúríìkì bí súlúféètì, náítíríìkì bí náítíréètì. Iyọ̀ lásán yóò sì wà fún ọbẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì asitéètì jẹ́ iyọ̀-ásíìdì. Ó funfun, ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni.